Ta Ni Yóò Palẹ̀ Mọ́? Lámèyítọ́ Kóòdù Ìdápadà Ohun Èlò Nínú Kernel Linux

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ remoteproc wò, ìyẹn apá kernel Linux tí ó ń tọ́ àwọn ọpọlọ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ inú ẹ̀rọ sọ́nà. Ohun tí a tẹjú mọ́ ni bí kóòdù náà ṣe ń dá ohun èlò padà nígbà tí iṣẹ́ bá parí, tàbí nígbà tí ó bá forí ṣánpọ́n láàárín ọ̀nà. A kà á bí lámèyítọ́ ṣe ń ka ìwé: a wo ìtò rẹ̀, a wo ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹkọ̀wé fi sétí ojú ewé, a sì wo ibi tí wọ́n ti dákẹ́. Èrò wa ni pé ẹ̀kọ́ ìṣètò kọ̀ǹpútà tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE fo apá yìí dá, àti pé iná tí kò dúró ti ń bá wa bo àléébù náà mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Ìfáàrà

Orúkọ àdúgbò Life Camp ní Àbújá kò fi ara rẹ̀ pamọ́. Láti oṣù Kejì 1976 tí òfin ìjọba ológun dá Agbègbè Olú-Ìlú Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀, títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991 tí ìjọba kó kúrò ní Èkó, iṣẹ́ ìkọ́lé ni olórí iṣẹ́ ibí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé, tí Julius Berger jẹ́ gbajúgbajà láàárín wọn, pa ibùdó fún òṣìṣẹ́ wọn. Ibùdó òṣìṣẹ́ jẹ́ ohun tí a ń pa bí iṣẹ́ bá ń lọ, tí a sì ń tú bí iṣẹ́ bá parí. Ti Life Camp kò tú. Ó di àdúgbò, ilé ibẹ̀ wọ́n, mọ́tò sì ń kún ojú ọ̀nà rẹ̀. Àwa tí a ń kọ iṣẹ́ yìí níbẹ̀ kò fi ìyẹn ṣàròyé rárá. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa fún ohun tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní jíjò, òun nìyẹn: ohun tí a gbà fún ìgbà díẹ̀, tí kò sí ẹni tó dá a padà.

Ibi ìkọ́lé kan náà ló ti kọ́ wa ní òdìkejì rẹ̀. Bí wọ́n bá da dẹ́kìn, igi ni wọ́n fi ń gbé e ró nísàlẹ̀. Bí igi náà bá pẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, owó igi ló ṣòfò. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kí dẹ́kìn tó gbẹ dáadáa, ẹni tó wà lábẹ́ ló kú. Àṣìṣe méjèèjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ: kí a gbàgbé láti yọ igi, àti kí a yọ igi láìtó àsìkò. Àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ni, bí wọ́n bá tilẹ̀ dá a sọ, ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ń sọ. Ti èkejì ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ lórí orúkọ

Kí a tó wọnú kóòdù, ó yẹ kí a yanjú orúkọ kan. Àwọn tó ń túmọ̀ èdè kọ̀ǹpútà sí Yorùbá sábà máa ń pe driver ní awakọ̀. A kò fara mọ́ ọn. Awakọ̀ ló ń yí ọkọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọkọ̀ kò ní èrò tirẹ̀. Ọpọlọ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ní èrò tirẹ̀. Ètò tirẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ó ń sáré tirẹ̀ lọ́tọ̀, kernel kò sì lè bá a gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó jọ driver nínú àṣà wa ni atọ́kùn egúngún. Atọ́kùn kì í jó fún eégún. Ó ń mú un jáde, ó ń la ọ̀nà fún un láàárín èrò, ó ń bá a gbọ́ ohun tí ará ìlú ń wí, ó sì di dandan kó mú un padà sí igbàlẹ̀ nígbà tí òde bá parí. Atọ́kùn tó fi eégún sílẹ̀ lójú pópó tó lọ sílé kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bó ti wù kí ijó ọjọ́ náà dùn tó. Orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà ti di ti gbogbo ènìyàn, nítorí náà kò ní ṣàjèjì létí akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Atọ́kùn ni a ó máa lò láti ibí lọ. Fún ìdápadà ohun èlò, a ó máa lo ìpalẹ̀mọ́, bí a ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ àti lẹ́yìn àríyá.

Kí ni a ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́?

Kernel 3.4, tó jáde ní 2012, ni remoteproc bá wọnú Linux. Orúkọ Ohad Ben-Cohen ló ṣáájú nínú àwọn tí wọ́n kọ sókè fáìlì rẹ̀. OMAP4 ti Texas Instruments ló wà lọ́kàn wọn nígbà náà, ẹ̀rọ fóònù tó jẹ́ pé, yàtọ̀ sí ọpọlọ ńlá rẹ̀, ó ní Cortex-M3 méjì àti ọpọlọ mìíràn fún ohùn àti àwòrán. Lónìí irú rẹ̀ ti pọ̀ lọ jàǹtìrẹrẹ. Bọ́ọ̀dù BeagleBone Black, tí olùkọ́ lè gbé sínú àpò, ní ọpọlọ kéékèèké méjì tí wọ́n ń pè ní PRU, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sáré ní 200 MHz. Nínú fóònù Android tó bá ní ẹ̀rọ Qualcomm, módẹ́ẹ̀mù tó ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀ jẹ́ ọpọlọ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, atọ́kùn rẹ̀ sì wà lábẹ́ remoteproc.

Kí ọpọlọ bẹ́ẹ̀ tó dìde, kernel á fún un ní ohun púpọ̀. Á ya ilẹ̀ mẹ́mọ́rì sọ́tọ̀ fún un. Á fọ̀nà hàn án nínú IOMMU, ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè tó ń sọ ibi tí ẹ̀rọ kan lè dé nínú mẹ́mọ́rì. Á tan aago rẹ̀, á tan iná rẹ̀, á ka firmware rẹ̀ láti /lib/firmware, á sì tẹ́ ojú ọ̀nà ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Nínú firmware náà gan-an ni àkójọ kan wà tó ń sọ ohun tí ọpọlọ náà ń fẹ́. Àlejò ló mú ìwé ohun tó fẹ́ jẹ dání wá. Onílé ni yóò fọ abọ́.

Nínú ètò C tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ní kíláàsì, kò sí ìyọnu bẹ́ẹ̀. Bó bá fi malloc gba mẹ́mọ́rì, tí kò sì fi free dá a padà, ètò rẹ̀ á parí, kernel á sì gba ohun gbogbo padà. Kernel ni ìyá àgbà tó ń gbálẹ̀ lẹ́yìn àwọn ọmọ. Bí ìyá àgbà fúnra rẹ̀ bá gbàgbé, kò sí ẹlòmíràn nínú ilé. Ohun tó jò nínú kernel ti jò títí di ìgbà tí a bá pa ẹ̀rọ.

Àtẹ̀gùn ìsọ̀kalẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a ka function kan, rproc_fw_boot, tó ń gbé ọpọlọ náà dìde. Ó tan IOMMU. Ó pèsè ẹ̀rọ náà. Ó ka àkójọ ohun èlò, ó sì ń fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló tó ní kó dìde. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè já. Nísàlẹ̀ function náà ni a ti rí àkọlé mẹ́ta tó tò léra: clean_up_resources, unprepare_rproc, disable_iommu. Bí ìgbésẹ̀ kan bá já, kóòdù á fi goto fò sí orí àkọlé tó bá ibi tó dé mu, á sì máa sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀, á máa tú ohun tí a ti dì, láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ohun tí a gbà kẹ́yìn ni a ń kọ́kọ́ dá padà. Ẹni tó wọ bùbá kó tó wọ agbádá kò lè kọ́kọ́ bọ́ bùbá.

Ibí ni ìjà wa pẹ̀lú ìwé ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí Edsger Dijkstra ti kọ lẹ́tà rẹ̀ tako goto sí Communications of the ACM ní 1968, àwọn ìwé ti sọ ọ̀rọ̀ náà di èèwọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ti fi BASIC kọ GOTO ní ilé-ìwé girama dé ọ̀dọ̀ wa, a sọ fún un pé ìwà ọ̀lẹ ni. Lẹ́yìn náà ó ṣí kernel, ó rí goto lójú ewé gbogbo, ó sì rí ìwé ìlànà kernel tó fi gbogbo ẹ̀ka kan gbè é lẹ́sẹ̀ fún ìpalẹ̀mọ́. Ta ni kó gbà gbọ́? Ohun tí Dijkstra ń bá wí ni fífò káàkiri tí kò jẹ́ kí ẹni tó ń kàwé mọ ibi tí ètò dé. Àtẹ̀gùn remoteproc ń lọ sí apá kan ṣoṣo, ìsàlẹ̀, ibi tí ó dé sì hàn sí ẹnikẹ́ni tó bá ń ka àkọlé. Èèwọ̀ tí a kò sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ, ọjọ́ tó bá rí àgbà tó ń jẹ ẹ́ ló parí.

A kò sọ pé àtẹ̀gùn náà kò ní àbùkù. Ìwé ìlànà kernel fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nípa ẹni tó fi àkọlé kan ṣoṣo ṣe gbogbo ìpalẹ̀mọ́, tó wá lọ ń tú ohun tí a kò tíì dì. Bí ẹlòmíràn bá sì fi ìgbésẹ̀ tuntun há àárín lọ́dún méjì lẹ́yìn náà, tó gbàgbé láti fi àkàsọ̀ tirẹ̀ kún ìsàlẹ̀, kò sí ohun tí yóò pariwo.

Ọ̀rọ̀ etí ojú ewé

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rproc_resource_cleanup tí a fẹ́ràn púpọ̀. Nígbà tí kóòdù náà ń pa ọ̀nà inú IOMMU rẹ́, ó ń wò ó bóyá iye tó parẹ́ bá iye tó yẹ mu. Bí kò bá bá a mu, òǹkọ̀wé kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí a lè ṣe ju ká ṣàròyé lọ. Ó tẹ àṣìṣe náà jáde, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Àwọn kan lè rí i bí àìbìkítà. Lójú tiwa, gbólóhùn tó jẹ́ òótọ́ jù lọ nínú fáìlì náà nìyẹn. Nígbà tí a bá ń gba nǹkan, a lè kọ̀, a lè padà sẹ́yìn. Nígbà tí a bá ń palẹ̀ mọ́, kò sí ẹ̀yìn tí a lè padà sí.

Ó pẹ́ kí kernel lápapọ̀ tó gba òtítọ́ yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, function remove tí atọ́kùn ń lò láti kógbá wọlé ní àyè láti dá nọ́ńbà àṣìṣe padà. Àwọn òǹkọ̀wé rí àyè yìí, wọ́n rò pé àwọn lè sọ pé “rárá, mi ò tíì fẹ́ lọ.” Kernel kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ó ń bá ìyọkúrò lọ ni, ìdajì tó kù tí atọ́kùn kò tíì dá padà á sì máa jò. Ní 2023 ni wọ́n mú remove_new wọlé, èyí tí kò lè dá ohunkóhun padà. Ní 2024, remove fúnra rẹ̀ pàápàá ti di bẹ́ẹ̀. Èdè C kò yí padà. Ohun tó yí padà ni pé wọ́n gba irọ́ lẹ́nu function náà.

Ìwé àlàyé remoteproc kò tó kóòdù rẹ̀ ní òótọ́. Àpẹẹrẹ tó fún ẹni tó fẹ́ lo ọpọlọ náà pe rproc_boot. Bó bá kùnà, àlàyé etí rẹ̀ ní kí a bójú tó o, kí a sì kúrò níbẹ̀. Kí ni a ó bójú tó? Ẹni tó ti gba nǹkan mẹ́rin kó tó dé ìlà yẹn kò rí ìdáhùn. Ibi tó yẹ kí olùkọ́ dúró pẹ́ ni ìwé náà ti sáré kọjá, àwọn ìwé tiwa náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà àrà àti ewu rẹ̀

Ní 2007, nínú kernel 2.6.21, Tejun Heo mú devres wọlé: atọ́kùn lè gba ohun èlò lórúkọ ẹ̀rọ, nígbà tí ẹ̀rọ bá sì lọ, kernel fúnra rẹ̀ á dá gbogbo rẹ̀ padà, láti ẹ̀yìn wá síwájú. Orúkọ irú function bẹ́ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú devm. Ọdún 2020 ni remoteproc tó ní devm_rproc_alloc àti devm_rproc_add. Ní 2023, Peter Zijlstra fi ọ̀nà mìíràn kún un, èyí tí compiler fi ń palẹ̀ mọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí orúkọ kan bá jáde kúrò nínú àkámọ́ rẹ̀. Àǹfààní wọn pọ̀, kóòdù sì kúrú sí i.

Ewu wà níbi àdàlú. Ìpalẹ̀mọ́ devm kì í bẹ̀rẹ̀ àfi lẹ́yìn tí remove bá parí. Ká ní atọ́kùn kan lo devm_rproc_add, ṣùgbọ́n tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ilẹ̀ mẹ́mọ́rì, tó sì ń dá a padà nínú remove. Bí ẹ̀rọ bá ń lọ, ilẹ̀ náà ló kọ́kọ́ lọ. Ọpọlọ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣì wà lójúfò, kò mọ̀ pé a ti gba ilẹ̀ lábẹ́ òun, ó ń kọ nǹkan sórí rẹ̀ lọ. Kernel ti fi ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn. Dẹ́kìn tí a yọ igi rẹ̀ nìyí. Kò sí ìlà kan nínú atọ́kùn náà tí a lè nàka sí pé ó burú. Ìtò wọn ló burú, apá kan ìtò náà sì wà níbi tí ojú kò ti lè rí i. Ìdájọ́ wa ni pé kí a máa kọ́ àtẹ̀gùn goto fún akẹ́kọ̀ọ́ kí a tó fi devm hàn án. Ẹni tí kò tíì fi ọwọ́ gbálẹ̀ rí kò lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ fo igun kan.

Atọ́kùn módẹ́ẹ̀mù Qualcomm fi ìwúwo ọ̀rọ̀ yìí hàn jù lọ. Níbẹ̀, a kì í kàn ya ilẹ̀ mẹ́mọ́rì sọ́tọ̀. A ń gbé ìní rẹ̀ lé módẹ́ẹ̀mù lọ́wọ́, débi pé Linux fúnra rẹ̀ kò ní àṣẹ láti fọwọ́ kàn án mọ́. Bí módẹ́ẹ̀mù bá dúró, a gbọ́dọ̀ gba ìní náà padà kí a tó lo ilẹ̀ náà fún ohun mìíràn. Bí ìgbapadà náà bá kùnà, kóòdù náà kìlọ̀ pé ẹ̀rọ lè má dúró ire mọ́.   Ní irú ibẹ̀, jíjò ló sàn, nítorí pé yíyọ igi láìtó àsìkò burú jù ú lọ. Àwọn tó bá rò pé ìpalẹ̀mọ́ kò ju kí gbogbo malloc ní free tirẹ̀ kò lè ka ibẹ̀ kó yé wọn.

Òǹkà náà tún wà. rproc_boot ń ka iye àwọn tó ń lo ọpọlọ náà. Ẹni mẹ́ta lè pè é, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò dìde. rproc_shutdown ń dín iye náà kù, kò sì ní sùn àfi tí ó bá di òdo. Bí ẹnì kan nínú mẹ́ta bá gbàgbé, ọpọlọ náà kò ní sùn mọ́. Nínú fóònù, bátìrì ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Iná tó ń bá wa palẹ̀ mọ́

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi hàn sí wa ní kíláàsì? Èsì wa rọrùn, ó sì ti wa lójú díẹ̀. Iná ń lọ. Kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wa kì í sábà wà lójúfò fún ọjọ́ méjì léra wọn. Gbogbo ohun tó jò láti àárọ̀ ni iná ń bá wa gbá dànù ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n oòrùn ti ń gba ipò iná ọba. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ti ní sólà àti inverter ń fi sáfà rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù méjì láìpa á, fóònù tó wà lápò akẹ́kọ̀ọ́ kì í kú, àwọn tí a sì ń kọ́ lónìí ni yóò máa kọ ètò fún mítà iná àti ẹ̀rọ ilé ìwòsàn tí kò gbọdọ̀ kú. Àṣà tí iná bá wa bò mọ́lẹ̀ ni wọn yóò kó dání lọ síbẹ̀, wọn yóò sì fi kọ́ àwọn ọmọ tiwọn ní JSS.

Kò pọn dandan kí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní bọ́ọ̀dù kó tó ṣe nǹkan kan. Kóòdù Linux wà lófẹ̀ẹ́ ní kernel.org. Ẹ tẹ rproc_fw_boot sórí ìwé, ẹ pa àkọlé kan rẹ́ nínú rẹ̀, kí ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí yóò jò àti ìgbésẹ̀ tó gbọ́dọ̀ já kó tó jò. Ẹ yí àkọlé méjì padà síra wọn, kí ẹ bi wọ́n ta ni yóò wà lábẹ́ dẹ́kìn. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ní BeagleBone lè kọ start àti stop sínú fáìlì state rẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì wo /proc/meminfo kó tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó parí. kmemleak, tó ti wà nínú kernel láti 2009, lè tọ́ka sí mẹ́mọ́rì tí ẹnikẹ́ni kò di ọ̀nà rẹ̀ mú mọ́. Kò ní sọ ohunkóhun nípa aago tí a kò pa.

Nípa máàkì, a dábàá pé nínú ìdánwò ìṣe tó jẹ́ 20, kí 8 jẹ́ ti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí tàbí tó bá já. Ètò tó bá fún wa ní èsì tó tọ́, tó sì jáde pẹ̀lú return láàárín ọ̀nà nígbà tí fáìlì ṣì ṣí lọ́wọ́ rẹ̀, kó gba 12.